Ikọ́ Tí Mo Pè Ní Kékeré

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ohun tí mo kọ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe ọwọ́ mi. Ìwé kejì ní girama ni mo kà dé tí bàbá mi fi kú. Láti ìgbà náà, irun ni mò ń dì, n kì í kọ ju orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà fóònù lọ. Enugu ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ló bá iṣẹ́ rélùwéè wá láti Òṣogbo, kò sì padà mọ́. Yorùbá tí mo gbọ́, inú ilé ni mo ti gbọ́ ọ. Èyí tí mo mọ̀ ọ́n kọ, inú Bíbélì tí bàbá mi máa ń ní kí n kà sókè ní ìrọ̀lẹ́ ni mo ti rí i. Bí ọ̀rọ̀ mi bá rí ṣákálá, ẹ má bínú. N kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ lójú ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dìde sọ̀rọ̀ láàárín ìjọ, irọ́ ni mo sì pa.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń ṣe yín ni mo ń kọ ọ́ sí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wúkọ́ tí ẹ kò tíì lọ bèèrè ohun tó jẹ́.

Ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Eruku pupa a máa bo gbogbo ìlú nígbà ọyẹ́, kò sí ẹni tí kì í wúkọ́, nítorí náà n kò ka tèmi sí. Lábẹ́ àtíbàbà kan ní ọjà Kenyatta ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi Chinyere ti jọ ń dirun. Ọmọ Ngwo ni, ìlú tó wà lórí òkè lẹ́bàá Enugu, ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Òkè Ọya, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Nígbà tí ọyẹ́ lọ, ikọ́ àwọn yòókù bá a lọ. Tèmi dúró.

Lẹ́yìn náà ni òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí lójú oorun, débi pé mo máa ń sá aṣọ ìbora bí ẹni pé mo fọ̀ ọ́. Oúnjẹ kò wù mí jẹ. Síkẹ́ẹ̀tì mi ń já bọ́ nídìí, mo fi pín-ìnnì há a. Bí mo bá di ìlà irun méjì, apá mi á wúwo bí ẹni tó gún iyán fún gbogbo àdúgbò. Chinyere á wò mí, á ní, “Ofe mmanu, ṣé ọkọ lo ń gbààwẹ̀ fún ni? Ó kù díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbé ọ lọ.” Ofe mmanu yẹn, ọbẹ̀ elépo ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe àwa Yorùbá ní yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ ni. Lẹ́nu rẹ̀ kì í dùn mí.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ronkẹ́, àbúrò bàbá mi, ni mo ń gbé nígbà náà, ní àdúgbò Awkunanaw. Wọ́n se àgbo fún mi. Wọ́n fún mi ní orógbó, oyin, àti àdín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè láti Òṣogbo pé kí wọ́n tètè gbé mi wálé, pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ìyàwó onílé gbé omi ewúro wá. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó da òróró sí mi lórí, ó ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, èmi tí n kò rí oúnjẹ jẹ tẹ́lẹ̀. Mo mu gbogbo rẹ̀, mo gba gbogbo rẹ̀. Mo dà bí ìkòkò tó wà lórí iná, tí ẹni tó bá ti ń kọjá ń ju nǹkan tirẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ kan tí Chinyere kò wá sọ́jà, mo ń dirun fún ìyá àgbàlagbà kan. Ikọ́ gbé mi, mo kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá náà yí orí padà, ó wò mí pẹ́, ó wá sọ ní Igbo pé, “Ọmọ mi, ụkwara nta nìyí o. Lọ sí ọsibítù.” Igbo ọjà ni mo gbọ́: ẹ jókòó, èló ni, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ụkwara ni ikọ́. Mo sì mọ̀ pé nta ni wọ́n ń pe ohun kékeré. Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Mo rò pé ó ń tù mí nínú ni, pé ikọ́ kékeré ni. Ọ̀rọ̀ ọsibítù tó fi kún un, mo kà á sí bí àgbàlagbà ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo délé mo sọ ọ́ fún Àǹtí Ronkẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ojú wọn tàn. Wọ́n ní, “Ẹ ò rí i? Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ní ikọ́ kékeré ni.” Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn la sùn lé fún oṣù méjì.

Òwúrọ̀ kan ni mo wúkọ́ sínú abọ́ tí mo sì rí ẹ̀jẹ̀. Àǹtí mi rí i pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà, wọ́n fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì sí ife àti àwo mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí a jọ máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ṣí lọ sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ooru ń mú àwọn níbi tí mo wà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Àǹtí fi pa báàgì mi pọ̀. Wọ́n fi orúkọ pè mí, wọ́n ní, “Dúpẹ́, àwọn ọmọ wà nínú ilé yìí. Lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ gbé ná, títí ara rẹ á fi mókun.” Ohùn tútù ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohùn tútù yẹn ló dùn mí jù. Tí wọ́n bá jágbe mọ́ mi ni, ǹ bá rí nǹkan fi fèsì.

Chinyere kò bèèrè ohunkóhun. Yàrá kan ló ní, ibùsùn kan, oyún oṣù márùn-ún sì wà níkùn rẹ̀. Ó kàn sún sápá kan ibùsùn náà. Òun ló fọ aṣọ mi tó tutù fún òógùn. Òun ló ń fi àdín gbígbóná ra mí láyà, tó ń sọ pé “ndo, ndo,” bí àwa ṣe ń sọ pé pẹ̀lẹ́. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́fà tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló bú mi pé ọ̀lẹ ni mí, pé bí n kò bá lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì, òun á fi ìjàgbọ̀n wọ́ mi lọ. Irun ìyàwó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti dì, nítorí náà èmi nìkan ni mo lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì débẹ̀, ẹ múra sílẹ̀ fún ìlà. Mo débẹ̀ kí oòrùn tó yọ, mo bá ènìyàn tó ti kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta. Gbogbo wa fi aṣọ bo imú, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ òun. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi sínú ike kékeré, wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò àyà níbòmíràn. Mo dé ibẹ̀, kò sí iná. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń ya á kò wá. Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń mú irun gbẹ kí n tó rí owó fọ́tò san. Oògùn fúnra rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ kẹrin ni nọ́ọ̀sì àgbà kan pè mí wọlé, ó sì sọ fún mi pé ikọ́ ife ni.

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ìyá kan ní ọjà ti sọ fún mi pé ikọ́ kékeré ni, ụkwara nta. Nọ́ọ̀sì náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn lédè wa. Ohun tí ìyá yẹn sọ fún ọ nìyẹn. Kò sí ohun kékeré kankan níbẹ̀.”

Oṣù méjì tí mo fi ń mu àgbo ni mò ń rò. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé ńlá kan, ó bi mí pé ta ni a jọ ń sùn nínú yàrá kan, pé kí n mú un wá kí wọ́n yẹ òun náà wò. Ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn mi lọ síbi báàgì mi tí Àǹtí pa pọ̀. Mo ní, “Èmi nìkan ni mò ń gbé, Mà.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bí mo bá ń lo oògùn déédéé, kò ní pẹ́ púpọ̀ tí n kò fi ní lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú, mo fi ṣe àwáwí fún ara mi. N kò ro ti àwọn ọjọ́ tó ti kọjá.

Mo sọ fún Chinyere pé tàífọ́ọ̀dù ni. Nígbà tí ìtọ̀ mi pupa bí ọsàn, mo ní oògùn tàífọ́ọ̀dù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbà mí gbọ́. Oògùn náà le o, n kò ní tàn yín. Èébì a máa gbé mi láràárọ̀, oríkèé ń ro mí, n kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan. Àǹtí ń pè mí pé kí n dá a dúró, pé òróró tuntun ti dé láti orí òkè àdúrà. N kò dá a dúró. Ní oṣù kejì, síkẹ́ẹ̀tì mi kò nílò pín-ìnnì mọ́.

Ara mi ń yá, inú sì ń bí mi. Mo ń bínú sí Àǹtí, mo ń bínú sí pásítọ̀, mo ń ka orúkọ gbogbo àwọn tó ṣí kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Bí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ẹjọ́ wọn ni mò ń rò fún Ọlọ́run. Ìbínú náà gba gbogbo àyè inú mi, kò ku ibi tí mo lè fi ẹlòmíràn sí.

Nígbà tí oyún Chinyere wọ oṣù kẹjọ, ó lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ngwo láti bímọ, ó sì fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ fún mi láti máa tọ́jú. Ó bí obìnrin. Nígbà tó ṣe, ìyá rẹ̀ wá sí ọjà láti kó ohun èlò irun rẹ̀. Ìyá náà jókòó tì mí, ó ní Chinyere ń wúkọ́ láti ìgbà tó ti bímọ, ó ń gbẹ, òógùn ń bò ó lójú oorun. Ó ní omi tútù tó fi wẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ló wọ̀ ọ́ lára, pé ọbẹ̀ oníata gbígbóná làwọn ń fún un mu. Ó ní Chinyere kí mi, ó ní ṣé tàífọ́ọ̀dù mi ti lọ.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ ní gbogbo Enugu. Mo ra ọṣẹ ọmọ àti aṣọ ìnura, mo fi rán ìyá náà. Ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu mi. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ọjà á gbọ́ pé ọmọ Yorùbá ló kó o ràn án, ẹnikẹ́ni kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí òun mọ́, èmi á sì tún pàdánù yàrá. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n á gbé e lọ sí ọsibítù bó bá yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá báyìí. Lójoojúmọ́ mo ń gbé oògùn tèmi mì, mo sì ń dákẹ́.

Mo parí oṣù mẹ́fà mi. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ó ti tán. Ìgbà náà ni Àǹtí Ronkẹ́ rántí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn ni mí. Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní, “Ikọ́ kékeré ni kí o pè é o. Kò sí ẹni tó yẹ kó mọ ìyókù. Ta ló fẹ́ fẹ́ ọ tí wọ́n bá gbọ́ ti ikọ́ ife?” Mo dìde. Mo ní ikọ́ kékeré kan ṣe mí, a fi òróró gbàdúrà, Ọlọ́run sì wò mí sàn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn, àìmọ̀ ni. Lọ́jọ́ yìí mo mọ̀. Ìjọ hó, wọ́n jó, àwọn tó sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá ń dì mọ́ mi.

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Bùkọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Wọ́n ní Bùkọ́lá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé àwọn ti fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́la, ṣùgbọ́n ẹ̀rí mi ti fi àwọn lọ́kàn balẹ̀. “Níwọ̀n bó ti jẹ́ ikọ́ kékeré náà ni tìẹ, tí òróró sì ká a, kí la tún ń wá lọ? Òróró wo ni, ọmọ mi?”

Mo wo ojú wọn, ó ń tàn. Mo ti rí irú ayọ̀ yẹn lójú Àǹtí mi rí, mo sì mọ ohun tó ná mi.

Ìtàn kan wà tí bàbá mi fẹ́ràn kí n máa kà, ti adẹ́tẹ̀ tó wá bá Jésù. Kí ara rẹ̀ tó mọ́ rárá ni Jésù ti na ọwọ́ kàn án. Ní gbogbo ìgbà tí mo wà lórí àìsàn, èmi ni mo máa ń rí bí adẹ́tẹ̀ yẹn, mo ń bínú pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ló yé mi pé irọ́ nìyẹn pẹ̀lú. Ẹnìkan fọwọ́ kàn mí. Ó ra mí láyà, ó fọ aṣọ mi, ó pín ibùsùn fún mi. Ó wà ní Ngwo tó ń wúkọ́, mo sì fi ọṣẹ ránṣẹ́ sí i.

Mo ní, “Ẹ gbé e lọ, Mà. Ikọ́ ife ló ṣe mí. Oògùn oṣù mẹ́fà ni mo lò. Irọ́ ni mo pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ọwọ́ wọn kúrò ní èjìká mi. Wọ́n fi nu ara ìró wọn, n kò rò pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Wọ́n wá bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń gba ènìyàn níbẹ̀. Mo sọ fún wọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dé etí Àǹtí Ronkẹ́. Wọ́n pè mí, wọ́n ní mo ti ba orúkọ bàbá mi jẹ́, kí n má wulẹ̀ wá sílé àwọn mọ́.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Ara mi le. Bí mo bá gun òkè, èémí mi a máa kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò wúkọ́ mọ́. N kò sí ní Kenyatta mọ́. Iwájú ilé kan ní Awkunanaw ni mo ti ń dirun, oníbàárà kò sì pọ̀. Bùkọ́lá wà lórí oògùn. Ìyá rẹ̀ ń kí mi láti òdìkejì ọ̀nà. Chinyere náà wà lórí oògùn, ó ti ń sanra, wọ́n sì fún ọmọ ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó mú un. Kì í gbé fóònù mi. N kò bá a wí. Mo mọ̀ pé ayọ̀ ni wọ́n fi ń parí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi ṣì korò. Àmọ́ bí mo bá kúnlẹ̀ nísinsìnyí, orúkọ Chinyere àti ọmọ rẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, n kì í sábà dé orí ẹjọ́ tèmi mọ́. Bí ikọ́ yín bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ. Bí wọ́n bá sì bi yín pé ta lẹ jọ ń sùn, ẹ dárúkọ onítọ̀hún. Ó sàn kó wà láàyè kó máa bínú sí yín.

Ó ku ohun tí mo ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀rí náà. Mo jí, mo wẹ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ngwo. Ìyá Chinyere ń gbálẹ̀ àgbàlá. Chinyere jókòó sórí àpótí, ó ń fún ọmọ lọ́mú, egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ofe mmanu, wo bí o ṣe sanra!” Ikọ́ sì gbé e. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo dárúkọ àìsàn náà ní Igbo kó lè yé ìyá rẹ̀. Mo ní èmi ni mo kó o ràn án, pé n kò ní tàífọ́ọ̀dù rí. Ìyá rẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ṣé bí àwọn ènìyàn mi ṣe ń san oore nìyí. Chinyere wò mí, ó ní, “Nígbà tí mò ń fi àdín ra ọ́ láyà, ṣé o ti mọ̀?”

Mo ní, “Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ̀.”

Ó dìde, ó wọlé lọ wọ aṣọ. Wọn kò jẹ́ kí n gbé ọmọ, wọn kò jẹ́ kí n gbé báàgì. Nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n jókòó sẹ́yìn, èmi há ara mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ níwájú títí a fi dé ìsàlẹ̀ òkè. Oòrùn ti mú nígbà tí a wọ ọgbà ọsibítù, bẹ́ǹṣì sì ti kún. Ìyá rẹ̀ mú un lọ jókòó sábẹ́ igi. Mo gba káàdì fún un, mo sì lọ dúró sórí ìlà ní ipò rẹ̀.